Màsúdát àti Ẹ̀rọ Tí Kò Dá A Lóhùn

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni Abdulmateen ti kọ́kọ́ rí i: arẹwà tó fi híjáàbù aláwọ̀ omi aró borí, tó ń bá nǹkan róbótó kan jà lórí itan rẹ̀.

"Mo ní aago mélòó ló lù! Àbí adití ni ẹ́ ni?"

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fohùn rán níṣẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n Màsúdát, ọmọbìnrin náà, ló fi ránṣẹ́ láti Kánádà, bàbá rẹ̀ ló sì lọ pe Abdulmateen, tó ń tún fóònù ṣe ní òpópónà Táíwò, pé kó wá wò ó.

Abdulmateen yẹ̀ ẹ́ wò. "Ẹ ti tẹ ibi tó ń dí i létí ni. Ṣé ẹ ò rí iná pupa yìí?"

"Mi ò rí i," ni Màsúdát dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́. "Mi ò rí nǹkan kan mọ́ láti èṣí."

Ojú ti Abdulmateen bí ẹni pé kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Àìsàn ojú ló lé Màsúdát, tó jẹ́ olùkọ́ jẹ́léósinmi, kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Abdulmateen bẹ̀ ẹ́ títí, ó wá lẹ rọ́bà tín-ń-tín mọ́ ibi títẹ̀ náà, kí ìka rẹ̀ lè dá a mọ̀.

"Ẹ pe orúkọ rẹ̀ ná, kẹ́ ẹ sinmi díẹ̀, kẹ́ ẹ tó rán an níṣẹ́."

"Ṣé ọba ni?"

"Ó ń ṣe bí ọba. Ohùn Amẹ́ríkà ni wọ́n ní kó máa gbọ́. Mo ti yí i sí irú gẹ̀ẹ́sì tiwa."

Màsúdát pè é, ẹ̀rọ sì dá a lóhùn. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Abdulmateen gbọ́ tí ìyá Màsúdát ń sunkún nínú ilé: ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ ò bàjẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n Abdulmateen ò yéé wá tún un ṣe.

"Kí ló tún ṣe é lónìí?" ni Màsúdát bi í.

"Nǹkan kan ò ṣe é. Èmi ni ara mi ò yá."

"Lọ rí dókítà."

"Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo wà yìí, olólùfẹ́ mi."

Ìyá Abdulmateen ló fàáké kọ́rí nígbà tó gbọ́ pé ó fẹ́ fẹ́ Màsúdát. "Ta ni yóò dáná? Ta ni yóò tọ́mọ? Tó o bá fẹ́ afọ́jú, má fojú kàn mí mọ́!"

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Màsúdát. "Máa lọ, Abdulmateen," ló wí. "Ìyá kan ṣoṣo lo ní. Mi ò fẹ́ kí wọ́n torí mi sunkún."

Abdulmateen lọ. Ní gbogbo oṣù ààwẹ̀, bó bá ń kọjá lójúde wọn, ó ń gbọ́ ohùn Màsúdát tó ń bi ẹ̀rọ pé ìrun ti tó àbí kò tíì tó. Kò lè wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì gbà kó yára kọjá.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu, òun àti àbúrò bàbá rẹ̀ jọ padà wá. "Mo bẹ ìyá mi títí, wọ́n ò gbà. Ṣùgbọ́n má torí àánú wọn lé mi, Màsúdát. Mi ò lè fẹ́ ẹlòmíì."

Màsúdát sunkún títí, ó sì gbà.

Wọ́n so yìgì wọn lọ́jọ́ Jímọ̀. Màsúdát rọra bi í pé, "Ṣé ìyá rẹ ti dé?" Abdulmateen wo àga tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí. "Rárá."

"Mú mi lọ bá wọn."

Wọ́n kúnlẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ìyá náà, ilẹ̀kùn ò ṣí. "Ìyá, mi ò wá gba ọmọ lọ́wọ́ yín," ni Màsúdát wí. "Mo wá kí yín ni. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

Ó pẹ́ kí ilẹ̀kùn tó dún. Ìyá dúró, ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún. Ó wo ọmọbìnrin náà títí.

"Dìde ńlẹ̀," ló wí nígbẹ̀yìn. "Abdulmateen, kí lò ń wò? Di ọwọ́ ìyàwó rẹ mú. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ yẹn ò dáa."