Ìwé Òkè-Ẹdun Tó Pòórá ní Fairwood

Dúrọ́ọ̀ ṣófo. Bàbá Akínlọ́lá kiwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kíní, ó kiwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ nu inú rẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ojú bàbá kò rí ju ìmọ́lẹ̀ fìrífìrí lọ mọ́. Ọwọ́ ló fi ń ríran.

"Mọ̀nsúrát, ta ló gbé ìwé mi?"

Mọ̀nsúrát sún mọ́ dúrọ́ọ̀ náà. Òun ló ń tọ́jú bàbá nílé yìí ní Fairwood, ní Maryland, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ di aago mẹ́rin. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni, ìwé mẹ́fà ló kà nílé. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun kan dájú: bí nǹkan bá sọnù nílé olówó, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbálẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò.

Ìwé náà kì í ṣe ìwé lásán. Ọdún mẹ́rin ni bàbá, tó ti ṣe tíṣà àgbà rí, fi kọ ìtàn Òkè-Ẹdun sínú rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó bàjẹ́: ìlú kékeré orí àpáta tí àwọn baba ńlá sá gùn nígbà ogun, ọjà tí wọ́n ń ná nínú kùrukùru, àtẹ̀gùn òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀ta, ilé ẹjọ́ tí òyìnbó kọ́ sí góńgó orí òkè, tó di ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ lónìí, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ gbàwé ọjọ́ ìbí, àfi kó gun òkè. Ní Sátidé ni ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó wà ní Maryland fẹ́ gbé e fún atẹ̀wé.

Tóyìn, ọmọ bàbá, ti ọsibítù dé tòun taṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn. Ó tú ilé wò. Ó dojú kọ Mọ̀nsúrát.

"Ìyá Humaira, mi ò pè yín lólè o. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ wà lọ́dọ̀ wọn."

"Sista Tóyìn, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Olè tó gbé kàkàkí ọba, níbo ni yóò ti fọn ọ́n?"

"Ẹ máa sọ ìyẹn fún ọlọ́pàá."

Ọlọ́pàá! Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ pe Mọ̀nsúrát fún ìwé ìgbélùú. Ọdún mọ́kànlá ni kò tíì fojú kan Humaira, ọmọ rẹ̀, ní Ìbàdàn. Bí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ olè pẹ́nrẹ́n, ó parí.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó dé, Muadh Àbdùlláhì lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn ni, àmọ́ Bowie ló ti dàgbà. Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ̀ ba fún bàbá, ó fọwọ́ kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dúró, tó ń wo pálọ̀ bí ẹni tó ń ka lẹ́tà wẹ́wẹ́. Àga ìjẹun mẹ́rin wà níwájú àga bàbá, lórí kápẹ́ẹ̀tì, níbi tí àga ìjẹun kì í gbé. Ó wò wọ́n. Ó wo Mọ̀nsúrát. Kò sọ nǹkan kan.

"Bàbá, kí lẹ gbọ́ lónìí?"

"Mo ń tòògbé lórí àga mi. Mo gbọ́ pé dúrọ́ọ̀ dún. Mo ní, 'Ta nìyẹn?' Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Mo kàn gbọ́ tí nǹkan balẹ̀ gbì. Mo rò pé mò ń lálàá ni."

Muadh pe Mọ̀nsúrát sí kíṣìnnì.

"Mummy, ibo lẹ wà?"

"Mo... ìsàlẹ̀ ilé ni mo wà. Mò ń fọṣọ. Ẹ̀rọ ń pariwo. Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Ọlọ́run gbọ́."

"Ṣé ẹ ń kọ ohun tí ẹ bá ṣe sílẹ̀?"

Dandan ni fún olùtọ́jú. Ó gbé ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wá. Lẹ́tà gbàgbàgbà ló wà níbẹ̀: *8:10, mo fi fákúùmù gbá kápẹ́ẹ̀tì. 8:40, bàbá jẹun. 10:00, mo lọ fọṣọ. 10:50, mo gòkè.*

"Àwọn àga yẹn ńkọ́? Ta ló ń jẹun láàárín pálọ̀?"

Mọ̀nsúrát wo ẹ̀yìn. Ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Èmi ni mo fi wọ́n bo nǹkan kan. Nígbà tí mo gòkè ni mo rí i. Mo fẹ́ fi fákúùmù gbá a, ara mi ò gbà á. Mo ní kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́."

"Kí ló dé tẹ́ ò wí?"

"Ọmọ mi, ẹni tí wọ́n ń fura sí kì í ṣàlàyé. Wọ́n á ní òun ló ṣe é."

Muadh rọra gbé àga kúrò. Àmì funfun wà lórí kápẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ilẹ̀ náà, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nítorí yìnyín. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún kan hàn kedere. Níbi tó yẹ kí ọwọ́ òsì wà, igun nǹkan onígun mẹ́rin ló wà. Láàárín, ibi gbọọrọ kan funfun, ó ní ojú bọ́tìnnì. Lẹ́yìn pátápátá, orí bàtà méjì. Ó ya fọ́tò. Ó wọ̀n ọ́n. Ó dá àga padà.

"Ta ló tún mọ nọ́ńbà ilẹ̀kùn?"

"Sista Tóyìn. Ọ̀gá Felix. Àti Alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, torí ibí ni wọ́n ti ń ṣe mítìn."

Felix, ọkọ Tóyìn, ọmọ Calabar, sọ̀ kalẹ̀ láti òkè níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ bàbá mú, ó ń mì ín jìgìjìgì. "Papa, how body?"

"Ọdún méjìlá, kò tíì kọ́ ìdọ̀bálẹ̀," ni bàbá wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Oga, na me dey type the book," ni Felix sọ fún ọlọ́pàá. "Why I go thief my own headache? Lánàá gan-an, mo ya fọ́tò ojú ewé kan ránṣẹ́ sí Alága kó bá mi wo àmì orí ọ̀rọ̀."

"Ojú ewé wo?"

"Ti ogun. Ewé kan péré."

Muadh tẹ Alága láago. Kò pẹ́, Alága náà, Ọ̀gbẹ́ni Ọmọ́jọlá, dé láti Clinton, kóòtù òtútù dúdú gígùn lọ́rùn rẹ̀, tó wá bá bàbá kẹ́dùn. Bàbá ló kọ́ ọ ní ábídí ní Òkè-Ẹdun. Lóṣù Kejìlá ni wọ́n fẹ́ fi í joyè Olúbodè nílé, oyè ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà òkè.

"Ta nìyẹn?" ni bàbá wí.

Kí ó tó parí ọ̀rọ̀, Alága ti balẹ̀ gbì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti kóòtù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde," ni Tóyìn wí.

"Rárá o. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Tíṣà mi ni." Ó dìde, ó gbọn ara. Ó wo Mọ̀nsúrát tìkà-tẹ̀gbin. "Àwọn tá a ń gbà sílé yìí náà la ó máa ṣọ́."

Mọ̀nsúrát tẹ orí ba. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, níbi tí ọkùnrin náà ti dìde. Iyọ̀ funfun. Ibi gbọọrọ. Ojú bọ́tìnnì. Irú èyí tó fi àga bò ni.

"Alága, ìgbà wo lẹ wá síbí kẹ́yìn?" ni Muadh bi í.

"Ṣáájú Kérésì. Láti Sunday tí yìnyín ti bọ́, mi ò jáde nílé rárá títí ẹ fi pè mí."

Muadh gbé àga mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò. Àmì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ìbejì.

"Mummy gbá kápẹ́ẹ̀tì yìí ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó wà nínú ìwé iṣẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà lẹnì kan gbé ìwé. Bàbá jí, wọ́n ní, 'Ta nìyẹn?' Olè ìlú míì á sá. Olè yìí dọ̀bálẹ̀ kó tó rántí pé olè lòun. Obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀, ìkúnlẹ̀ ni tiwọn, nítorí náà kì í ṣe Mummy, kì í ṣe Sista. Ọ̀gá Felix, ọwọ́ ni wọ́n ń bọ̀. Ó ku ẹnì kan. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ló kanlẹ̀, torí ìwé wà lọ́wọ́ òsì. Igun rẹ̀ nìyí. Bọ́tìnnì kóòtù yín nìyí. Ẹ fúnra yín lẹ wí i, sà: ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde."

Alága yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀ jáde, ó nà án sí Felix.

"Ó wà nínú mọ́tò," ló wí níkẹyìn. "Mo fẹ́ sun ún. Ọwọ́ mi ò gbé e." Ó kọjú sí bàbá. "Tíṣà, ẹ kọ ọ́ pé baba ńlá mi ló ṣí ọ̀nà ẹ̀yìn fún ogun. Ta ló máa fi ọmọ ọ̀dàlẹ̀ joyè Olúbodè?"

Felix lọ gbé ìwé wá. Bàbá fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

"Ọmọ́jọlá, ṣé o ka ewé tó tẹ̀ lé e?"

"Rárá, Tíṣà."

"Mọ̀nsúrát, ṣí ibi ogun, kà á fún un."

"Èmi, bàbá? Mi ò mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀."

"Kà á."

Ó fìka tọ ọ̀rọ̀ náà, ó ń já a ní ẹyọ ẹyọ. "Òjó Olú... Olúbodè ló ṣí ọ̀nà ẹ̀yìn fún ogun." Ó ṣí ewé. "Ṣùgbọ́n ọ̀nà... etí ọ̀gbun ló mú wọn gbà. Òun ló ṣáájú. Nígbà tí gbogbo wọn wọ ibi tóóró tán, ó... ó yí òkúta ńlá lulẹ̀. Òun àti ogun ló jọ bá a lọ. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi lè jẹ Olúbodè bí kì í bá ṣe ọmọ Òjó."

Alága tún balẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kò sí ìkíni nínú rẹ̀. Ẹkún ni. Muadh jẹ́ kó sun ún tẹ́rùn kó tó mú un lápá.

Tóyìn kúnlẹ̀. "Ìyá Humaira, ẹ forí jì mí."

Mọ̀nsúrát kọ́kọ́ wo ọlọ́pàá.

"Orúkọ yín wà nínú ìwé mi o, Mummy," ni Muadh wí lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹlẹ́rìí ni mo kọ."

Nígbà náà ni Mọ̀nsúrát tó fa Tóyìn dìde. Ó jókòó, ó ṣí ìwé iṣẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ gbàgbàgbà: *4:10, bàbá rí ìwé wọn. Mo kà á fún wọn.* Ó ronú díẹ̀, ó wo àmì méjèèjì nílẹ̀, ó fi kún un: *Mi ò tíì gbá kápẹ́ẹ̀tì.*