Ṣọ́ọ̀bù Bàtà Tí Fóònù Ní Ó Ti Kógbá Wọlé

Bàtà pupa kékeré kan ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ́kọ́ rí, kó tó rí ọwọ́ tó gbé e sókè. Òjò ń rọ̀, gbogbo èèyàn ti sá sábẹ́ òrùlé, àfi ọmọbìnrin kan tó dúró sójú ọ̀nà pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù aláwọ lára, tó ń fi bàtà náà juwọ́, tó ń pariwo pé, "Màmá, ibí ni! Ẹ má lọ mọ́, ibí ni!"

Ìyá kan tó gbé ọmọ dání ló ń pè, tó ti rìn kọjá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bàtà ọmọbìnrin náà títí ó fi sú u. Ìyá náà wo fóònù ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo ọmọbìnrin náà.

"Ṣebí fóònù ní ẹ ti kógbá wọlé! Ọpẹ́lọpẹ́ aládùúgbò mi tó ní kí n wá fojú ara mi rí i."

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, omi òjò ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá, ó sì kó àwọn méjèèjì wọlé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà tó ń wò wọ́n láti abẹ́ òrùlé onígbàjámọ̀ ní òdìkejì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa, torí iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an nìyẹn. Ó máa ń ran àwọn oníṣòwò kéékèèké lọ́wọ́ kí àwọn tó ń wá wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lè rí wọn. Àwọn tó ń yan búrẹ́dì, àwọn tó ń tún fìríìjì ṣe, àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní dùùrù, òun ló ń bá wọn tún ìkànnì wọn ṣe. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé nítorí iṣẹ́ lòun ṣe fẹ́ sọdá. Irọ́ ni. Ẹ̀rín yẹn ló mú un sọdá.

Inú ṣọ́ọ̀bù náà ń run awọ àti gọ́ọ̀mù. Wọ́n fi àwọn ẹsẹ̀ onígi tí wọ́n fi ń mọ bàtà kọ́ ara ògiri, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọmọbìnrin náà ti kúnlẹ̀ síwájú ọmọ tí wọ́n gbé wá. Ẹsẹ̀ ọmọ náà kan kúrú ju èkejì lọ, ó sì ti mú kí abẹ́ bàtà ti ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ nípọn. Ó so okùn rẹ̀, ó sì rọra yọwọ́. Ọmọ náà dúró. Kò tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kankan. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu.

Nígbà tí ìyá àti ọmọ lọ tán, ọmọbìnrin oníbàtà náà yíjú sí àlejò rẹ̀.

"Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹsẹ̀ wo ló ń dùn yín?"

"Kò sí èyí tó ń dùn mí."

"Òjò lẹ wá sá fún nìyẹn."

"Òjò ti dá."

Ó yọjú síta, ó rí i pé òótọ́ ni, ó sì tún rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin náà ṣe ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, ojú oníbàtà yí padà.

"Ẹ dákun, ẹ máa lọ. Ẹnì kan ti wá rí, ó gba owó wa, ó ní orúkọ wa ni yóò máa jáde ṣáájú lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Títí dòní, fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́."

"Mi ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín."

"Ìyẹn gan-an ló tún ń bà mí lẹ́rù jù."

Ọkùnrin náà ronú díẹ̀. "Ó dáa, ẹ bá mi ran bàtà."

Oníbàtà kò lè kọ ìyẹn. Ó wọn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kó padà wá dán an wò. Ọkùnrin náà padà wá. Ó ní ó fún òun díẹ̀ níwájú. Ó tún padà wá, ó ní ó ṣò níbi gìgísẹ̀. Oníbàtà mọ̀ pé bàtà náà bá a mu wẹ́kú. Síbẹ̀ ó gbà á, ó ní, "Ẹ fi sílẹ̀, n ó tún un wò," ó sì gbé e sórí pẹpẹ láìfọwọ́ kàn án títí ó fi tún dé.

"Ẹsẹ̀ yín yìí le o," ó ń dápàárá. "Ti àwọn ọmọdé rọrùn jù ú lọ."

"Ẹ ṣáà má lé e."

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin náà dé, ó bá a tó ń di àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí. Iṣẹ́ ti jáde fún un ní ilé iṣẹ́ bàtà ńlá kan ní ìlú mìíràn, ìparí oṣù ló sì máa lọ.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ibí?" Ohùn ọkùnrin náà ti lọ sílẹ̀.

Oníbàtà jókòó. Ó ṣàlàyé pé bàbá òun ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀, ìyá òun ló sì máa ń gba àwọn èèyàn lálejò. Láti ìgbà tí ìyá ti kú, bàbá kì í jáde síwájú mọ́, yàrá ẹ̀yìn ló máa ń wà. Iṣẹ́ di ti ọmọ, àwọn oníbàárà sì gbẹ bí ìgbà tí wọ́n ti ẹnu ẹ̀rọ omi pa.

"Ọwọ́ mi ni wọn ò fẹ́," ó wí. "Ìyá ọjọ́ òjò yẹn tó ní a ti kógbá wọlé, fóònù tirẹ̀ ló bàjẹ́. Èèyàn mélòó ló fẹ́ gbé ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá dúró?"

"Ẹ jẹ́ kí n kàn wo bí ẹ ṣe hàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wíwò lásán."

Ó gbà. Wọ́n jọ jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ohun tó wà lórí ìkànnì wọn ni pé, Àgbà Ọ̀jẹ̀ Nínú Bàtà Ìgbàlódé.

"Ta ló ń wá ìyẹn?" ọkùnrin náà béèrè. "Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣubú kò ní tẹ 'àgbà ọ̀jẹ̀'. Bí wọ́n bá wọlé, kí ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ?"

Oníbàtà di ojú, ó ń rántí. "Wọ́n á ní, 'Ọmọ mi kì í fẹ́ wọ bàtà.' Wọ́n á ní, 'Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, ó ń tiro.' Òmíràn á ní, 'Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé.'"

"Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn gan-an la fẹ́. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu ni wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù."

Ó ń sọ, ọkùnrin náà ń tẹ̀. Èjìká wọn kan ara wọn, kò sí ẹni tó sún. Nígbà tí wọ́n fi máa gbórí sókè, tíì tó bù fún un ti tutù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orí ìkànnì nìkan kọ́ ni ìṣòro. Nígbà tí ọkùnrin náà délé, ó yẹ orí máàpù wò, ó sì rí i kedere: wọ́n ti fi àmì sí ṣọ́ọ̀bù náà pé ó ti tì pa. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù nìkan ló lè tún un ṣe, bàbá ló sì ni ín.

Nígbà tí oníbàtà jáde lọ ra awọ, ọkùnrin náà kan ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Bàbá ń pọ́n ọ̀bẹ. Bó ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Èmi ni," ó wí jẹ́jẹ́. "Ọ̀sẹ̀ tí a sin ìyá rẹ̀ ni. Àwọn èèyàn ń pè ṣáá, wọ́n ń béèrè bàtà, mo fẹ́ kí wọ́n dákẹ́. Fóònù bi mí bóyá fún ìgbà díẹ̀ ni àbí títí láé. Lọ́jọ́ yẹn, títí láé ló jọ lójú mi. Mi ò mọ̀ pé gbogbo ayé ni mò ń dá lóhùn." Ó na fóònù sí i. "Tún un ṣe. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má sọ fún ọmọ mi."

"Mi ò ní sọ, sà."

Ó tún un ṣe. Kò pẹ́ rárá tí fóònù ṣọ́ọ̀bù fi bẹ̀rẹ̀ sí dún. Ìyá kan wá, bàbá kan wá, olùkọ́ kan mú ọmọ iléèwé rẹ̀ wá. Àwọn kan ní ọ̀nà jíjìn ni àwọn ti wá.

"Kí lẹ ṣe?" oníbàtà bi í.

"Nǹkan kékeré kan ló yí. Mo ti tún un ṣe."

"Nǹkan wo?"

Ọkùnrin náà gbójú kúrò. Oníbàtà rí i. Inú rẹ̀ bàjẹ́, torí ó ti fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe fẹ́ kó hàn lọ.

"Ẹ wò ó, ẹni tó gba owó wa náà kì í dáhùn ìbéèrè mi. Ẹ̀tàn kan lẹ fi kó wọn wá. Bí ẹ bá lọ tán, àwọn náà á lọ, torí èmi kan náà ni mo ṣì wà níbí. Ẹ mú bàtà yín. N ó lọ síbi iṣẹ́ tí mo ti gbà."

Ó gbé bàtà lé e lọ́wọ́. Ọkùnrin náà gba bàtà rẹ̀. Kàkà kó gba iwájú jáde, yàrá ẹ̀yìn ló gbà lọ.

"Bàbá, mi ò ní ba ìlérí mi jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ eléyìí. Ó rò pé ọwọ́ òun ni àwọn èèyàn kọ̀. Láti ìgbà tí ìyá ti kú ló ti gbà bẹ́ẹ̀." Ó kí bàbá, ó sì gba ẹ̀yìn lọ.

Bàbá kò mọ̀. Ó ti rò pé ọmọ òun kàn fẹ́ rìn jìnnà sí ilé ọ̀fọ̀ ni. Ó dìde, ó di ògiri mú, ó sì jáde síwájú ṣọ́ọ̀bù, ibi tí kò tíì dúró sí láti ìgbà ìsìnkú. Ó bá ọmọ rẹ̀ nídìí àpótí irinṣẹ́.

"Ọmọ mi, kò sẹ́ni tó kọ ọwọ́ rẹ. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ, tí mi ò sọ fún ọ."

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ọmọbìnrin náà kò bínú. Ohun tó ti wúwo lọ́kàn rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ ló já sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Bàámi, kì í ṣe èmi?" "Kì í ṣe ìwọ rárá." Bàbá jókòó tì í, wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, èyí tí wọn kò tíì ṣe rí láti ìgbà tó ti lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, oníbàtà bá ọkùnrin náà nílé búrẹ́dì kan tó ń bá ṣiṣẹ́. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ooru ẹ̀rọ ìyan búrẹ́dì ń fẹ́ sí i lójú.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo ti ṣèlérí fún bàbá."

"Àní nígbà tí mo lé yín?"

"Àní nígbà tó o lé mi."

"Ẹ mà ti ń pè mí ní 'o' báyìí."

"Nínú ọkàn mi, ó ti pẹ́."

Ó wo ilẹ̀, ó tún wo ojú rẹ̀. "Mo ti pe ilé iṣẹ́ yẹn. Mo ní mi ò wá mọ́."

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. "Oníbàtà mi, ọkàn mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Mo fẹ́ kó o fẹ́ mi. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kó dùn létí."

"Ìwọ tí iṣẹ́ rẹ jẹ́ ọ̀rọ̀?" Omi ti lé sí i lójú. "Ó dùn tó bẹ́ẹ̀. Mo gbà. Lọ bá bàbá mi."

Ó lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Oníbàtà jókòó síwájú, ó ń kan bàtà ọmọ kan, etí rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ó gbọ́ ohùn ọkùnrin náà tó ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ gígùn kan tó ti há sórí, tó gbàgbé lágbedeméjì.

"Dúró ná," bàbá wí. "Ṣé òun fúnra rẹ̀ ti gbà?"

"Ó ti gbà, sà."

"Kí ló dé tó o wá ń da ẹnu ara rẹ láàmú? Jókòó kó o jẹun."

Bàbá bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ńlá tó ń ti inú wá, tí ọmọ rẹ̀ ti gbàgbé pé ó máa ń rín. Oníbàtà gbé òòlù sílẹ̀. Kò wọlé tọ̀ wọ́n. Ó kàn fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń gbọ́ àwọn ọkùnrin méjèèjì tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, gbogbo ara rẹ̀ sì fúyẹ́.