Róbọ́ọ̀tì Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Ìyá télọ̀ ń ṣẹ́tí ṣòkòtò oníbàárà kan lọ́wọ́ nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ yọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Oòrùn ò tíì mú rárá. Ìyá náà gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ṣé wọ́n ti jáde níléèwé ni?"

"Rárá, Màmá. Wọ́n ní kí n wá pe òbí mi."

"Kí lo ṣe?"

"Wọ́n ní mo ba róbọ́ọ̀tì jẹ́."

Kílódé ni wọ́n ń pe ọmọ yìí nílé, nítorí àtìgbà tó ti mọ̀rọ̀ ọ́ sọ ló ti ń bèèrè ìdí ohun gbogbo. Ó ti tú rédíò bàbá rẹ̀ rí. Ó ti tú fáànù ṣọ́ọ̀bù rí. Ó máa ń tò wọ́n padà o, àfi pé síkírù kan máa ń ṣẹ́kù sílẹ̀.

"Ọwọ́ ẹ yìí!" ni ìyá rẹ̀ pariwo. "Ṣé mi ò sọ fún ẹ pé kó o jẹ́ kọ́wọ́ ẹ sinmi? Kí ni wọ́n wá sọ?"

"Wọ́n ní àwọn máa yọ mí kúrò ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì. Wọ́n ní kí n lọ síbi tí kò ti sí nǹkan tí mo lè bà jẹ́."

Ìyá télọ̀ dìde. Ẹnjiníà lọmọ yìí ń sọ pé òun máa dà. Bí wọ́n bá yọ ọ́ ní kíláàsì yẹn, ọ̀nà dí nìyẹn. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó sì mú un lọ́wọ́.

Nínú ọ́fíìsì ọ̀gá iléèwé, kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, pẹ̀lú àgádágodo ńlá lẹ́nu rẹ̀. Róbọ́ọ̀tì mẹ́ta tò síbẹ̀. Wọn ò tóbi ju bàtà àgbàlagbà lọ, táyà méjì méjì ló wà lára wọn, ọ̀rá tí wọ́n fi dì wọ́n wá ò sì tíì kúrò. Ìkẹrin wà lórí tábìlì, ikùn rẹ̀ là sílẹ̀.

"Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yín," ni ọ̀gá wí. "Àtọjọ́ tí wọ́n ti kó nǹkan wọ̀nyí fún wa, èmi ni mo ń tọ́jú wọn. Eṣinṣin ò bà lé wọn rí! Àlejò ló ń mú mi gbé wọn jáde. Mo ní kó wá bá mi nu eruku kọ́bọ́ọ̀dù, mo yíjú báyìí, ó ti tú ọ̀kan!"

Ìyá télọ̀ kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Mo kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnì rẹ̀, Màmá. Kò tan. Ni mo bá ní kí n wo ìdí tí kò fi tan."

"Ìdí!" Ọ̀gá fọwọ́ gbá tábìlì. "Ìdí ló máa ba ayé ẹ jẹ́!"

Olùkọ́ físíìsì, obìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá síléèwé náà, ti gbọ́ ariwo, ó sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀gá," ló wí. "Ìgbà wo la ṣáájì wọn, tá a fi iná sí bátìrì wọn kẹ́yìn?"

"Iná kẹ̀? Sí nǹkan tí a kì í lò?"

"Ẹ jẹ́ ká gbé àwọn tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn jáde."

Ọ̀gá ṣí àgádágodo. Olùkọ́ tẹ bọ́tìnì róbọ́ọ̀tì kìíní. Kò tan. Ó tẹ ìkejì. Kò tan. Ó tẹ ìkẹta, òun náà dákẹ́ fọ́ọ́. Ó wá rọra ṣí ikùn rẹ̀. Bátìrì rẹ̀ ti wú bí ìrọ̀rí ọmọdé.

"Irú bátìrì yìí kì í sùn," ni olùkọ́ wí. "Bí ẹ ò tilẹ̀ lò ó, agbára inú rẹ̀ ń jò lọ díẹ̀díẹ̀. Tó bá gbẹ pátá, tí ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ́, ó máa kú. Èyí tó ti wú yìí ò gbọdọ̀ rí iná mọ́; ó lè gbaná. Ọ̀gá, kì í ṣe ọmọ yìí ló ba nǹkan kan jẹ́. Àgádágodo yín ni."

Ọ̀gá jókòó. "Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Tó bá fọ́, ta ni wọ́n máa bi?"

Bí ọ̀gá ṣe jókòó yẹn ò pẹ̀tù sí ìbínú ìyá télọ̀. "Ẹ gbọ́ mi, sà. Ẹ̀ ń bi ọmọ mi pé kí ló dé tó fi fọwọ́ kàn án. Èmi ń bi yín: kí ló dé tí ẹnì kankan ò tíì fọwọ́ kàn án? Àwọn ọmọ tó wà níbí nígbà tó dé dà? Wọ́n ti jáde! Gíláàsì ni wọ́n wò títí wọ́n fi jáde!"

"Àwòrán rẹ̀ la yà látorí pátákó, Màmá," ni Kílódé wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Wọ́n fún mi ní máàkì tó pọ̀."

Ọ̀gá ti kọ́kọ́rọ́ àgádágodo sọ́wọ́ olùkọ́.

Kílódé padà sí kíláàsì rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí bátìrì tuntun dé, olùkọ́ kó róbọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sí kíláàsì. Wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù dúdú láti ṣọ́ọ̀bù ìyá télọ̀ fa ọ̀nà tó ní kọ́rọ̀ sórí pépà funfun nílẹ̀.

Lábẹ́ róbọ́ọ̀tì ni ojú rẹ̀ méjì wà, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀. Ibi funfun máa ń dá ìmọ́lẹ̀ náà padà. Ibi dúdú máa ń gbé e mì. Àárín ojú méjèèjì ni ríbọ́ọ̀nù máa ń wà; bí ojú kan bá ti rí dúdú, ó mọ̀ pé òun ti fẹ́ yà kúrò lọ́nà. Àmọ́ kò mọ ohun tó máa ṣe sí i. Àwọn ọmọ ló máa kọ àṣẹ yẹn sínú kọ̀ǹpútà.

Wọ́n kọ ọ́. Róbọ́ọ̀tì gbéra, ó dé ibi kọ́rọ̀, ó sì sá lọ sábẹ́ tábìlì.

"Ó lọ ilé ọkọ!" ni ẹnì kan kígbe.

"Ẹ rọra o, ẹ rọra!" Ọ̀gá ni, lójú fèrèsé.

"Áńtí, ẹ sọ ibi tá a ti ṣì í fún wa," làwọn ọmọ bẹ̀bẹ̀.

"N ò sọ. Ẹ wò ó."

Kílódé ló dùbúlẹ̀ nílẹ̀, tó ń wo táyà. "Ojú òsì ló rí dúdú, àmọ́ táyà ọ̀tún la ní kó dúró! Ìyẹn ló fi yà síbi tí ò yẹ. Táyà òsì ló yẹ kó dúró, kí tọ̀tún tì í yí padà."

Wọ́n tún un kọ. Róbọ́ọ̀tì tẹ̀ lé ríbọ́ọ̀nù dópin, ariwo sì gba gbogbo ọgbà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀gá iléèwé, ẹ jẹ́ kọ́rọ̀ yìí dùn yín bó ṣe dun ìyá télọ̀. Róbọ́ọ̀tì kò lè rọ́pò olùkọ́. Ẹ kò gbọdọ̀ gbé e síwájú ọmọ kẹ́ ẹ sì lọ jókòó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ ti jà á gbà lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ máa fi iná sí bátìrì rẹ̀ déédéé, ẹ má sì fi iná sí èyí tó bá ti wú. Ẹ jẹ́ kọ́mọ ṣe àṣìṣe, kó sì fojú ara rẹ̀ wá a. Ìjìyà ò tọ́ sí ọmọ tó ń wádìí.

Bí wọ́n bá sì mú yín wọ ọ́fíìsì, tí wọ́n ń fi róbọ́ọ̀tì tó ń dán han yín, ẹ má pàtẹ́wọ́. Ẹ bi wọ́n pé: "Ọmọ wo ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn?"