Ìdì Okùn Mẹ́rin

"Ẹ ṣílẹ̀kùn! Ẹ̀yin ará Manigri, ẹ ṣílẹ̀kùn!"

Babalọlá ọdẹ ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn odi ìlú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Bí wọ́n ṣe ṣí i fún un ló ṣubú lulẹ̀. Ọfà wà lẹ́yìn èjìká rẹ̀, ìka mẹ́ta ti gé kúrò lọ́wọ́ òsì rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti rin ṣòkòtò rẹ̀ gbingbin.

"Àwọn ẹlẹ́ṣin ni o," ó wí. "Wọ́n ti sun ìlú Doguè. Wọ́n pa àwọn àgbà, wọ́n so àwọn ọmọ mọ́ra wọn bí ewúrẹ́. Ẹ̀yin ló kàn. Mi ò rò pé ó máa ju ọjọ́ mẹ́fà lọ."

Kàdíjátù, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ló ń bu omi sí i lẹ́nu. Ó rí i bí ọkùnrin náà ṣe kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà náà, àwọn Faransé kò tíì dé apá ibẹ̀, kò sì sí ọba ńlá kan tí Manigri lè sá tọ̀. Ìlú tí kò bá lè gba ara rẹ̀, oko ẹrú ni wọ́n ń kó o lọ.

Manigri kò ní ẹṣin, ìbọn rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ. Ẹ̀wù tìmùtìmù ló gbójú lé. Aṣọ méjì ni wọ́n ń gbé léra, wọn a ki òwú sáàárín, wọn a wá fi abẹ́rẹ́ rán an láti ọrùn dé ìsàlẹ̀ títí yóò fi nípọn. Ọfà tó bá ba irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀, inú òwú ló ń há sí. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́ṣin yìí kan náà ti sun oko òwú lọ́dún tó ṣáájú. Ogún ẹ̀wù ni ìlú fẹ́, aṣọ tuntun kan ṣoṣo kò sì sí.

Hàfísátù ló kó àwọn obìnrin jọ. Òun ni ẹ̀gbọ́n ìyá Kàdíjátù, òun ló sì tọ́ ọmọ náà àti Yáyà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Ó ní kí ilé kọ̀ọ̀kan mú àkísà wá: ìró tó ti ya, àpò ọkà, ṣòkòtò òkú. Òun fúnra rẹ̀ fa agbádá ọkọ rẹ̀ tó ti kú ya níwájú wọn, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni bó ti ń fà á. Àwọn ọmọdé lọ ṣa òwú àràbà nínú igbó, nítorí ìyẹn kò ná wọn ní nǹkan kan.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa," ni Hàfísátù wí. "Òwú àràbà kì í ṣe òwú oko. Ṣe ló ń yọ̀. Bí ipa abẹ́rẹ́ bá jìnnà síra, tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá sáré díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á ṣàn wá síkùn, àyà á ṣófo. Ìbú ìka kan ni kó wà láàárín ipa kan àti èkejì. Ìdì okùn ìránṣọ mẹ́wàá ni mo fún ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan. Kò ní ṣẹ́kù."

"Ìyá, ti Yáyà ni kí ẹ fún mi rán," ni Rábíátù, ọ̀rẹ́ Kàdíjátù, wí. Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín.

"O ò ní mọ ẹni tó máa wọ tìrẹ, aláṣejù," Hàfísátù dá a lóhùn. "Ṣé o ò mọ àṣà wa ni? A máa kó gbogbo rẹ̀ jọ, àwọn ọkùnrin á kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n á fọwọ́ fà á. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oníkálukú á rán ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáadáa, á fi ti ọmọ ọlọ́mọ ṣeré."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n rán àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin lọ gba orí ọfà lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ ní Bassila. Kàdíjátù tó wà lára wọn gbé okùn rẹ̀ dání pé òun á máa rán ẹ̀wù bí àwọn bá jókòó sinmi. Níbi tí àwọn yòókù ti ń bá alágbẹ̀dẹ sọ̀rọ̀, ó rìn lọ sí ìsọ̀ Màmádù ahunṣọ, ó sì rí gèlè kan tí wọ́n pa láró, etí rẹ̀ funfun. Ọkàn rẹ̀ fà sí i. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ní irú rẹ̀, Rábíátù gan-an ní méjì. Tirẹ̀ ti gbó, òun náà sì ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fi í rẹ́rìn-ín lódò.

"Okùn ni mo ń wá," ni Màmádù wí, ojú rẹ̀ wà lára igbá okùn tó wà lọ́wọ́ Kàdíjátù. "Ìdì mẹ́rin, kí o gbé e."

Ta ló máa ka ipa abẹ́rẹ́ lójú ogun? Ohun tí Kàdíjátù bi ara rẹ̀ nìyẹn. Ó ka ìdì mẹ́rin fún un, ó sì ká gèlè náà sábẹ́ ìró rẹ̀.

Ìdì mẹ́fà ló fi rán ẹ̀wù rẹ̀. Ipa kan sí èkejì fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ó ki òwú kún un dáadáa kó lè dà bí èyí tó nípọn, ó sì fi ìró aláró ìyá rẹ̀ lẹ àbùlẹ̀ sí èjìká. Nígbà tó gbé e dé iwájú Hàfísátù, ìyá náà kò tilẹ̀ tú u wò.

"Tìrẹ ò nílò àyẹ̀wò," ó wí. "Èmi ni mo kọ́ ọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Kàdíjátù ju ẹgba lọ, ṣùgbọ́n ó gbé ẹ̀wù náà lé orí àwọn yòókù.

Ọjọ́ karùn-ún ni àwọn ẹlẹ́ṣin dé, kò pé mẹ́fà. Eruku ti ń sọ lójú ọ̀nà nígbà tí àwọn ọkùnrin ṣì ń fa ẹ̀wù. Yáyà fa tirẹ̀, kì í ṣe èyí tí Kàdíjátù rán, ọkàn ọmọ náà sì balẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Àlásánì fa èyí tó ní àbùlẹ̀ aláró. Àlásánì ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyá Rábíátù bí.

"Ẹ̀wù yìí mà fúyẹ́ o!" ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Màá sáré ju ẹṣin lọ."

Kàdíjátù la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó rí Hàfísátù tó dúró, ó rí Rábíátù tó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ so okùn ẹ̀wù. Ojú tì í, ó sì pa ẹnu rẹ̀ dé. Àlásánì sáré jáde.

Orí odi ni àwọn obìnrin wà, wọ́n ń ju òkúta. Ẹṣin àkọ́kọ́ já sínú kòtò tó yí odi ká, ó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ó ń ké, àwọn ọkùnrin Manigri sì fi àdá gé ẹni tó gùn ún wẹ́wẹ́. Òkúta Rábíátù fọ́ ojú ẹnì kan. Bàbá arúgbó kan tó dúró nítòsí wọn gba ọ̀kọ̀ lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì tú sára àwọn ọmọbìnrin náà. Nísàlẹ̀, ọfà méje ti há sára ẹ̀wù Yáyà, ó sì ń jà lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan lára rẹ̀.

Àlásánì ti sáré lọ sáré bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kàdíjátù rí i. Ikùn ẹ̀wù rẹ̀ ti yọ síta bí ikùn ẹni tó jẹ iyán yó, àyà rẹ̀ sì ti pẹlẹbẹ.

"Àlásánì, padà!" ó kígbe. "Padà sẹ́yìn! Ẹ̀wù yẹn ò dáa!"

Ta ló máa gbọ́? Ọfà kan ṣoṣo ni. Ó wọ àyà rẹ̀ bí ìgbà tí kò wọ ẹ̀wù kankan, orí ọfà náà sì yọ lẹ́yìn. Àlásánì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó kúnlẹ̀, ó dojú bolẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn ẹlẹ́ṣin sá lọ. Àwọn ará ìlú tẹ́ òkú mẹ́sàn-án sábẹ́ igi. Hàfísátù bọ́ ẹ̀wù lára Àlásánì. Ẹ̀jẹ̀ ti bo gbogbo rẹ̀ débi pé àwọ̀ kankan kò hàn mọ́. Ó fi ìka rẹ̀ wọn ipa abẹ́rẹ́ náà, ó tún wọ̀n ọ́n, ó sì gbójú sókè.

"Ta ló rán èyí?"

Rábíátù wólẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú náà.

"Bóyá èmi ni," ó wí. "Méjì ni mo rán. Oorun ń kùn mí nígbà tí mò ń rán èkejì, mi ò sì wo ẹ̀wù náà dáadáa nígbà tí mò ń bá a so ó. Yé, ṣé èmi ni mo pa ẹ̀gbọ́n mi?"

Ó fi orí gbálẹ̀, ó tún fi gbá a. Kàdíjátù kò lè wò ó mọ́. Ó fa gèlè náà yọ lábẹ́ ìró rẹ̀, ó sì jù ú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú.

"Èmi ni. Okùn ẹ̀wù rẹ̀ ni mo fi gba èyí. Mo sì rí i nígbà tó fà á, mi ò sọ̀rọ̀."

Rábíátù fò mọ́ ọn. Ó fi èékánná fà á lójú ya, ó gbá a mọ́lẹ̀, ó ń lù ú lẹ́nu títí eyín kan fi yọ. Kò sí ẹni tó là wọ́n. Kàdíjátù kò sì gbé ọwọ́ sókè. Nígbà tó rẹ Rábíátù, Hàfísátù mú gèlè náà, ó fi lé Kàdíjátù lọ́wọ́ ẹlẹ́jẹ̀.

"Tú u," ó wí. "Fọ́nrán kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹlẹ́ṣin ṣì ń padà bọ̀."

Kàdíjátù tú u. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà á. Okùn náà ló fi tún ẹ̀wù Àlásánì rán ní ìbú ìka kan, ẹlòmíràn sì wọ̀ ọ́ jà nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin padà wá. Onítọ̀hún wálé láàyè. Rábíátù kò bá Kàdíjátù sọ̀rọ̀ títí ó fi lọ sílé ọkọ.

Kàdíjátù dàgbà, ó darúgbó, kò sì wé gèlè mọ́ láyé rẹ̀. Bí àwọn ọmọbìnrin bá wá kọ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀, á kọ́kọ́ fi àlàfo eyín rẹ̀ hàn wọ́n, á ní iṣẹ́ tí wọ́n bá fi jìbìtì ṣe, ara ẹnì kan ló máa já sí, àti pé ẹni tó bá mọ̀ tó dákẹ́ ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ìka wọn lé orí aṣọ.

"Ẹ ò mọ ẹni tó máa wọ̀ ọ́," á wí. "Ẹ rán an bí ìgbà tí ẹ mọ̀ ọ́n."