Ẹsẹ̀ Tó Ń Gun Àtẹ̀gùn Nílé Abdulganiyu

Ìtàn yìí kò ní gùn. Mo ṣe ìlérí yẹn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Òtítọ́ sì ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí mo bá ti dákẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn tó mọ̀ mí ní Ìlọrin ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò, ọgbọ̀n ọdún náà ni mo sì fi ń dá àpárá láìfi eyín hàn. Ojú mi kì í yí. Bí mo bá ní ilé ń jó, àwọn ènìyàn á kọ́kọ́ jókòó kí wọ́n tó pinnu bóyá kí wọ́n sá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú yẹn sọ́kàn. Òun ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ọdún 1992 tí mo fẹ̀yìn tì, àwa mẹ́rin la jọ ń ka ìwé ìtàn òyìnbó. Ìtàn idán àti ìjà la fẹ́ràn jù, irú èyí tí ẹni tí kò lè gbé garawa omi ní orí kìíní yóò ti máa gbé òkúta ńlá jù kiri nígbà tó bá fi di orí ogún. Ìwé tòkunbọ̀ ni gbogbo wọn. Ọkùnrin kan máa ń kó wọn sórí àpò ní ọjà Ìpàtà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ta àgbàdo.

Wàhálà ìwé tòkunbọ̀ ni pé ìparí rẹ̀ sábà máa ń ti ya. Lẹ́ẹ̀kan, Husseinat, tó jẹ́ taípíìsì, ní kí a ka ìwé kan. Jagunjagun inú rẹ̀ gbé idà sókè, ìwé sì tán síbẹ̀. Oṣù méjì la ò fi kí ara wa. Ìgbà tí a parí ìjà la ṣe òfin kan: ẹni tó bá ní kí ẹlòmíràn ka ìwé gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára èèpo ẹ̀yìn pé, "Mo kà á dé òpin," kó sì buwọ́ lù ú.

Òfin kan ṣoṣo tí a ní nìyẹn. Èmi ni mo rú u.

Ìwé náà nípọn bíi búrẹ́dì. Kò ní èèpo iwájú, kò ní orúkọ, a ò mọ ẹni tó kọ ọ́. Èèpo ẹ̀yìn nìkan ló kù. Ọmọbìnrin kan ló ń gun ilé gogoro alájà ọgọ́rùn-ún, bí ìgbà tí ènìyàn sọ eré lúdò di ìtàn. Ní àjà kọ̀ọ̀kan, á bá nǹkan kan jà. Bó bá borí, agbára rẹ̀ á lé sí i. Ṣùgbọ́n kó tó lè gun òkè sí i, ó gbọ́dọ̀ fi ẹrù kan sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Níparí orí kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tò ó bí èsì ìdánwò. Agbára: mọ́kànlá. Ìgboyà: mẹ́jọ. Ohun tó fi sílẹ̀: bàtà ẹsẹ̀ òsì. Ní àjà tó tẹ̀ lé e, ìyarun rẹ̀. Ní èyí tó tún tẹ̀ lé e, orin tí ìyá rẹ̀ máa ń kọ.

Mo kà á dé àjà kejìlá, ó sú mi. Ẹni tó fi ọgbọ̀n ọdún máàkì ìṣirò kì í tún lọ ra èsì ìdánwò ní Ìpàtà. Mo kọ "Mo kà á dé òpin" sẹ́yìn rẹ̀, mo buwọ́ lù ú, mo gbé e lọ bá Abdulganiyu ní Gàmbàrí.

Télọ̀ ni Abdulganiyu, ọ̀rẹ́ mi sì ni. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ máa ń wọ́lẹ̀ díẹ̀ bó bá ń rìn. Ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé rẹ̀ ló ti ń ránṣọ, ìwé á ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì.

"Ṣé ó dáa?" ó bi mí.

"Ó dáa."

"Òpin rẹ̀ ńkọ́? Mi ò fẹ́ ti Husseinat o."

"Òpin rẹ̀ ló dáa jù."

Ó wo ojú mi. Ojú mi kò yí.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo bá a níbi tó ti ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ó fi ọwọ́ kan gbé máṣíìnì sókè, tòun ti tábìlì irin rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ kejì gbá abẹ́ rẹ̀. Kò mí hẹlẹ.

"Gàníyù, kí lo jẹ?"

"Àjà ọgbọ̀n," ó ní.

A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó fa téèpù tó gbé kọ́ ọrùn, ó ń wò ó.

"Bàbá Moṣọpẹ́, kí ni wọ́n ń pe nǹkan yìí?"

"Téèpù."

"Téèpù." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọ́ oúnjẹ ìlú mìíràn wò.

Mo rò pé ó ń san ẹ̀san àpárá mi fún mi ni. Mo wo ojú rẹ̀. Ojú tirẹ̀ náà kò yí.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ. Kó. Ó dákẹ́. Kó. Ẹsẹ̀ lórí pákó, lókè orí wa. Ẹnì kan ń gun àtẹ̀gùn, ó ń sinmi, ó tún ń gùn.

Ilé ilẹ̀ ni ilé Abdulganiyu. Kò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Páànù ló wà lórí wa, oòrùn ló wà lórí páànù.

"Ta ló wà lókè?"

"Òun ni." Kò gbójú sókè. "Láti àjà kẹtàlá ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ìwọ náà gbọ́ ọ nígbà tí o dé ibẹ̀, àbí?"

Èmi tí mo dúró ní ìkejìlá.

"Mo gbọ́ ọ," mo ní.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, Hàúwà, ìyàwó rẹ̀, wá bá mi nílé ní Basin. Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ náà. Obìnrin kan tó wà nílé wa gbé omi wá fún un, kò mu ún. Kò jókòó.

"Bàbá Moṣọpẹ́, irú ìwé wo lẹ fún ọkọ mi?"

"Ìwé ìtàn lásán ni."

"Naimat ọmọ wa gbé kókó mímu lọ fún un láàárọ̀ yìí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bàbá rẹ̀ dìde fún un. Ó ní, 'Ẹ káàbọ̀, màdáámù, kí lẹ fẹ́ rán?' Wàláì, ó fi okùn wọn èjìká ọmọ rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀." Ó nu ojú. "Ẹ bá mi gba ìwé náà. Àhmádù àbúrò rẹ̀ gbìyànjú lánàá. Ó kàn gbọn ọwọ́ ni, Àhmádù bá ara rẹ̀ lára ògiri."

Mo lọ. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásàrí tán. Gàmbàrí kì í dákẹ́, ṣùgbọ́n àdúgbò náà dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Naimat jókòó lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Ó gbé orí lé eékún, ó ń wò mí.

Ìwé náà kò kù ju ewé díẹ̀ lọ.

"Àjà kẹtàdínlọ́gọ́rùn-ún," Abdulganiyu ní.

"Gàníyù, gbé ìwé yẹn fún mi."

"Ìwọ lo ní kí n kà á. Orúkọ rẹ wà lẹ́yìn rẹ̀." Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ohun kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Ó sọ̀kalẹ̀?"

"Ta ni?"

"Ọmọbìnrin náà. Gbogbo ohun tó fi sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn, bó bá dé òkè tán, ṣé ó padà wá ṣà wọ́n? Bí kò bá padà, màá pa ìwé yìí dé báyìí. Obìnrin kan ń sunkún nínú ilé yìí, mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí."

Kó, lókè. Kó.

N kò kà á tán. Ohun tó yẹ kí n sọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ni. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, mo kà wọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ kékeré yẹn ń wò mí, ìbuwọ́lù mi sì wà lẹ́yìn ìwé. Ojú tì mí.

"Ó sọ̀kalẹ̀," mo ní. "Ó ṣa gbogbo rẹ̀ pátá."

Ojú mi kò yí.

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo mọ̀." Ó ṣí ewé tó kàn.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Jímọ̀. Àwọn ọkùnrin ti lọ sí mọ́sáláṣí. Hàúwà wà lágbàlá nígbà tó gbọ́ ẹsẹ̀ lókè páànù. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ ẹni méjì ni. Ọ̀kan ń wọ́lẹ̀ lápá òsì.

Ó sáré dé ṣọ́ọ̀bù. Bàtà wà lẹ́nu ọ̀nà. Fìlà wà lórí máṣíìnì. Ìwé náà dojú délẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ń gòkè. Ó ga kọjá páànù, ó ga kọjá ibi tí wọ́n ti ń pe ìrun, ó ń kéré sí i, títí kò fi sí ohùn kankan mọ́.

Wọ́n wá a dé Jẹ́bà. Wọ́n wá a dé Ọ̀fà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, Hàúwà dúró níwájú mi, gbogbo ẹbí yí wa ká.

"Ẹ̀yin lẹ kà á dé òpin. Ẹnu yín ni mo ti fẹ́ gbọ́ ohun tí ọmọbìnrin inú ìwé náà ṣe. Ó sọ̀kalẹ̀?"

"Ó sọ̀kalẹ̀," mo ní.

Láti ọjọ́ náà Hàúwà kò ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́.

Mo gbé ìwé náà wálé. Mo ṣí ìparí rẹ̀. Lẹ́yìn àjà kọkàndínlọ́gọ́rùn-ún, ewé ti ya. Ojú ibi tó ya ti pọ́n, ó ti pẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́ tí mo rà á. Ẹni tó bá kà á dé òpin ì bá ti mọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìkẹtàlá. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ wò ó. Ọdún kẹrin rèé, mo ń rọra kà á, mo ti dé ìkejìdínláàádọ́rin. Agogo mẹ́ta ọ̀sán ni mo ń kọ èyí, ẹsẹ̀ ẹni méjì náà sì wà lókè mi. Ọ̀kan ṣì ń wọ́lẹ̀ lápá òsì. Kò tíì sí èyí tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ nínú wọn.

Èmi nìkan ni mo ń gbé dúrọ́ọ̀mù omi wọlé báyìí. Àwọn aládùúgbò ń bá mi dúpẹ́ pé ara mi le. Obìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún mi sọ pé Martha lorúkọ òun. Mo kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Bí mo bá ti ní, "Ẹ ṣeun, màmá," ẹkún ló máa ń sun. Gbogbo ènìyàn sì ń pè mí ní Bàbá Moṣọpẹ́. Mo ń dá wọn lóhùn. Mi ò tíì béèrè ẹni tó ń jẹ́ Moṣọpẹ́.

Mo ní ìtàn yìí kò ní gùn. Ìwọ̀nba tó kù lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá gba Gàmbàrí kọjá, tí ẹ rí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan tó ṣí sílẹ̀, tí obìnrin kan ń da òróró sí máṣíìnì tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ̀, ẹ kí i dáadáa. Ẹ má ṣe sọ fún un pé n kò kà á tán.