Dúrọ́ọ̀mù Ẹnu Ọ̀nà Àbẹ̀ní

Àbẹ̀ní ni ó yí dúrọ́ọ̀mù májèlé wọ agbo ilé Àáfà Múdàṣírù, bàbá rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má kọ́kọ́ na ìka sí Garba màígádì tàbí sí òyìnbó. Tiwọn ń bọ̀. Ọwọ́ Àbẹ̀ní ni, ọwọ́ kan náà tó fi ń kọ ìdánwò sáyẹ́ǹsì ní fọ́ọ̀mù kẹta. Láti ẹ̀yìn ìlú lọ́nà Málétè ló ti ń yí i bọ̀ lójú pópó, ìró ń tú, ìdí ń mì, òógùn ń ṣàn wọ ẹnu rẹ̀, ó sì rò pé ọgbọ́n òun ni àwọn èèyàn ń dúró wò. Wọ́n ń wò ó lóòótọ́. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Títí dòní tó ti di ìyá àgbà, tí eyín iwájú ti dágbére fún un, bí ẹ bá ní kó dárúkọ òmùgọ̀ kan ní gbogbo Ìlọrin, tirẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dá.

Owú ló fà á. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1976 ni, ẹ̀ẹ̀rùn tó mú débi pé ẹ̀rọ omi ìjọba ń kán tó, tó, bí imú ọmọ tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. Ní agbo ilé Àáfà, àṣà kan wà tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Lójoojúmọ́, kí ìrun Súbúhì tó tó, Àáfà á gbé bútà rẹ̀, á bu omi àlùwàlá lẹ́nu ọ̀nà ìyàwó kan. Bó bá ṣe àlùwàlá tán, á wo ẹni tó pọn omi náà, á ní, "Bí omi yìí ṣe tù mí lára, Ọlọ́run yóò tu ìwọ náà lára." Àdúà àkọ́kọ́ lójúmọ́ nìyẹn. Láti kékeré Àbẹ̀ní, àmù ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀ ni Bàbá ti ń bu omi. Òun ló ń pọn ọ́n, òun ló sì ń jẹ àdúà náà bí ẹni ń jẹ wàrà.

Ìyá Kùdírátù, tó jẹ́ ìyáálé, wá lọ sí Ọjà Tuntun, ó ra dúrọ́ọ̀mù pupa kan tó ń dán, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Kùdírátù, ọmọ rẹ̀, ẹgbẹ́ Àbẹ̀ní ni. Ọ̀dọ̀ aránṣọ ló ti ń kọ́ṣẹ́. Ó pọn omi kún dúrọ́ọ̀mù náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bútà Bàbá kọjá lẹ́nu ọ̀nà Àbẹ̀ní, kò dúró.

"Ọlọ́run yóò tu ìwọ náà lára, Kùdírátù."

Ọ̀rọ̀ náà gún Àbẹ̀ní láyà bí eegun ẹja tó há sọ́fun. Oúnjẹ kò wọlé mọ́. Bí Kùdírátù bá rẹ́rìn-ín, Àbẹ̀ní á ní òun ló ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá dákẹ́, á ní ìgbéraga ni.

"Ṣé dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń wọ al-jánnà ni?" ìyá rẹ̀ bi í. "Àmù wa kò jò. Omi rẹ̀ sì tutù ju ti irin lọ."

"Ìyá, tó bá tutù, kí ló dé tí Bàbá kò bu ú?"

"Torí pé tiwọn kì í tán. Ìwọ ọmọ yìí, owú tó yẹ kí n jẹ ni o gbà jẹ fún mi. Fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín."

Àbẹ̀ní kò rẹ́rìn-ín. Ó ti gbọ́ pé dúrọ́ọ̀mù tó dára ju ti Ọjà Tuntun lọ wà ní oko òwú àwọn òyìnbó kan lẹ́yìn ìlú. Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi, ó mú ìborùn ọdún Iléyá rẹ̀, èyí tó ní fọ́nrán wúrà létí, ó wá Garba, màígádì oko náà, lọ.

Àwọn dúrọ́ọ̀mù náà tò sẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí, aláwọ̀ sánmà, wọ́n lẹ́wà. Èdè òkè òkun kan tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì wà lára wọn, lókè rẹ̀ sì ni agbárí òkú kan àti egungun méjì tó gba ara wọn kọjá.

"Oògùn tó ń pa kòkòrò òwú ló wà nínú wọn tẹ́lẹ̀," ni Garba wí. "Òyìnbó ní kí ẹnikẹ́ni má pọn omi sí i. Wọ́n ní ọkọ̀ yóò kó wọn padà sí Èkó, ọkọ̀ ojú omi yóò sì kó wọn padà sílé. Láti ọdún tó kọjá la ti ń retí ọkọ̀ yẹn."

"Ta ló dárúkọ omi? Àgbàdo ni mo fẹ́ kó sí i."

Garba wo ojú rẹ̀, ó wo ìborùn. "Lami ìyàwó mi fẹ́ràn ohun tó bá ń dán," ló wí, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí kò rí nǹkan.

Àbẹ̀ní mọ agbárí yẹn. Tíṣà ti fi hàn wọ́n lára ìgò kan nílé-ìwé, ó ní ẹni bá rí i kó jìnnà sí i. Ṣùgbọ́n ẹni owú ń gùn kì í gbọ́ ti tíṣà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù ni àmì náà ń bá wí, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ti tán. Nígbà tó délé, ó fi àfọ́kù ìkòkò ha agbárí náà dànù, ó ha gbogbo ìkọ̀wé ibẹ̀ kúrò, kó má bàa ba ẹwà rẹ̀ jẹ́.

Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí ọmọ ilé kéwú nìkan lè ṣe. Bàbá ti kọ́ wọn pé abọ́ tí ajá bá lá, ẹ̀ẹ̀méje ni kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ fọ ọ̀kan nínú rẹ̀. Àbẹ̀ní fọ dúrọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀méje, ó fi iyẹ̀pẹ̀ kún un. Òórùn bíi ti aáyù tó wà níbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́ pòórá. Ó pọn omi kún un, ó pe Bàbá.

Àáfà Múdàṣírù kì í ṣe ẹni tí ń kánjú. Ó wo omi náà lójú oòrùn. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fi ẹnu tọ́ ọ wò. "Omi tí àwọ̀ rẹ̀ kò yí, tí òórùn rẹ̀ kò yí, tí ìtọ́wò rẹ̀ kò yí, mímọ́ ni," ló wí, bó ṣe ń wí i fún àwọn ọmọ kéwú. "Ó tọ́ láti fi ṣe àlùwàlá."

Òótọ́ ni Bàbá sọ nípa omi ìrun. Ta ló kọ́ ẹnikẹ́ni nínú ilé yẹn pé oró kan wà tí kò láwọ̀, tí kò rùn, tí ahọ́n kò sì mọ̀?

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, bútà dúró lẹ́nu ọ̀nà Àbẹ̀ní. Bàbá fi omi yọ ẹnu, ó fín in símú, ó sì mu kọ́ọ̀pù kan lé e torí ọmọ rẹ̀ tọrọ pé kó mu ún. "Ọlọ́run yóò tu ìwọ náà lára, Àbẹ̀ní." Ọmọ náà yíra padà kí Kùdírátù lè rí eyín rẹ̀ dáadáa. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan dúrọ́ọ̀mù. Bí ìyá rẹ̀ pàápàá bá na igbá, á ní, "Ti Bàbá ni." Ahun kò níyì, ṣùgbọ́n ahun yẹn ló gba àwọn yòókù là.

Pẹ́pẹ́yẹ Ìyá Kùdírátù kò gbọ́ òfin. Ó mu omi tó ń kán sílẹ̀ nídìí dúrọ́ọ̀mù, ó ń yí po, itọ́ ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì kú.

"Àbẹ̀ní," ni Kùdírátù wí, ó rọra sọ ọ́, "omi rẹ ni pẹ́pẹ́yẹ mu kó tó kú. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí Bàbá bu ú mọ́."

"Ó dùn ọ́ pé kò bu tìrẹ mọ́, àbí? Ìlara ni yóò pa ọ́, bí kò bá ti pa pẹ́pẹ́yẹ yín."

"Èmi ń jowú?"

"Lọ wo dígí."

Ẹ gbọ́, ẹni tó ti fi ìborùn ọdún pààrọ̀ agolo òfìfo ló ń pe ẹlòmíràn ní onílara.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí, ní ìrun Alásárì, Bàbá forí kanlẹ̀. Àwọn ọmọ kéwú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ forí kanlẹ̀, wọ́n ń retí kó gbórí sókè. Wọ́n retí, wọ́n retí. Nígbà tí ọ̀kan yọjú wò ó, òógùn ti bo Bàbá, itọ́ ń ṣàn, ẹran ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ọmọ ojú rẹ̀ sì ti súnkì bí ihò abẹ́rẹ́.

Ní ọsibítù, ẹbí dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Kùdírátù ló se oúnjẹ ọjọ́ náà. Ẹnì kan béèrè pé, "Ọbẹ̀ ta ni ó jẹ?" Gbogbo ojú yí sí ìyáálé. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ pẹ̀ẹ́rẹ́, gèlè rẹ̀ tú, kò ráyè wé e.

Dókítà obìnrin kan, ará Íńdíà, jáde sí wọn, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ. Nọ́ọ̀sì tó lè gbọ̀fọ̀ ti sáré lọ gbé oògùn. Àbẹ̀ní nìkan ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú wọn. "Bi wọ́n," ni dókítà wí, "kí ló wọ inú ọkùnrin yìí? Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, n kò mọ ohun tí mo ń bá jà."

Àbẹ̀ní bi wọ́n. Àbúrò Bàbá dáhùn pé, "Sọ fún un pé ọbẹ̀ ìyáálé ni."

Nígbà náà ni èṣù fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ìjókòó. Bí ó bá túmọ̀ gbólóhùn kékeré yẹn péré, dúrọ́ọ̀mù pupa yóò kúrò lẹ́nu ọ̀nà, Kùdírátù àti ìyá rẹ̀ yóò sì tẹ̀lé e. Kò ní parọ́. Ohun tí wọ́n sọ ló fẹ́ sọ. Ó wo Kùdírátù. Kùdírátù ń wò ó, kò dárúkọ pẹ́pẹ́yẹ. Ó kàn ń wò ó ni.

"Omi ni," ni Àbẹ̀ní wí ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó tún wí i ní Yorùbá kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Omi mi ni. Dúrọ́ọ̀mù oògùn kòkòrò ni mo pọn ọ́n sí."

"Kí lorúkọ oògùn náà? Kí ni wọ́n kọ sára rẹ̀?"

"Mo ti ha á kúrò."

Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ lérí. Dókítà kò bú u; ó ti ń sáré lọ sídìí tẹlifóònù. Wọ́n pe oko òwú, ìlà kò já geere. Ọ̀gá òyìnbó ibẹ̀ lọ ka orúkọ tó wà lára àwọn dúrọ́ọ̀mù yòókù, ó pe ilé iṣẹ́ tó ṣe oògùn náà lókè òkun, àwọn yẹn sì dárúkọ ẹ̀rọ̀ rẹ̀ méjì. Ọ̀kan wà ní ọsibítù náà. Èkejì, ọkọ̀ òfurufú ló gbé e wá láti Kàdúná. Orúkọ tí Àbẹ̀ní ha kúrò ní wéré ni ìlú méjì ń pe ara wọn lé lórí títí ilẹ̀ fi ṣú, Bàbá sì ń fi gbogbo àkókò yẹn jà fún èémí.

Bàbá kò kú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n láti ìgbà náà. Ọwọ́ tó ń kọ wàláà fún àwọn ọmọ kéwú, tí àwọn èèyàn ń ti òkèèrè wá wò, kò lè fa ìlà gígùn mọ́. Àbẹ̀ní ló ń di bútà mú fún un kó tó lè ṣe àlùwàlá. Àdúà ń wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè gbórí sókè gbà á.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, wolé-wolé ìjọba dé, òun àti òyìnbó kan láti ilé iṣẹ́ tó ṣe oògùn náà, ìbọ̀wọ́ rọ́bà títí dé ìgbọ̀nwọ́. Ìjọba wa àti ìjọba ìlú òyìnbó tó ṣe oògùn náà ti fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n kó gbogbo dúrọ́ọ̀mù náà padà. Ti oko nìkan ni wọ́n rò pé ó wà. Àbẹ̀ní sọ fún wọn pé Garba ti pààrọ̀ púpọ̀ nínú wọn fún àwọn ará ìlú bíi tòun, ó sì bá wọn wọ ilé dé ilé. Àwọn kan fi tiwọn pamọ́ sábẹ́ ẹní. Kùdírátù tẹ̀lé e, bí ẹnì kan bá ní kò sí, òun á ní, "Ẹ lọ wo ọwọ́ Bàbá wa ná." Dúrọ́ọ̀mù á sì jáde.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò fara sin. Owú a máa mú ẹni tó mọ̀wé ha ìkìlọ̀ dànù. Bí oró bá sì ti ré òkun kọjá, ọwọ́ kan kò gbé e padà; ẹni tó ṣe é, ẹni tó rà á, ẹni tó ń ṣọ́ ọ àti ẹni tó jí i lò gbọ́dọ̀ jọ sọ òótọ́.

Wọ́n di àwọn dúrọ́ọ̀mù mọ́ ọkọ̀, ti Àbẹ̀ní ló wà lẹ́yìn pátápátá, ibi tí agbárí wà tẹ́lẹ̀ ń dán. Ìyá Kùdírátù súnmọ́ wolé-wolé.

"Ọ̀gá, níbo lẹ ń kó wọn lọ?"

"Ìlú tí wọ́n ti wá, Màmá. Wọn yóò tọ́jú wọn síbi tó dára."

Ìyá Kùdírátù wo Àbẹ̀ní, ó wo ọmọ tirẹ̀, ó tún wo ọkọ̀.

"Ṣé àwọn ọmọ tó ń jowú kò sí níbẹ̀ ni?"