Eyín Tó Wà Lẹ́nu Gàgàrà

Ẹlẹ́rìn-ín pa ẹnu dé bí ìkòkò tí wọ́n gbé òkúta lé lórí. Ọmọkùnrin tí ẹ̀rín rẹ̀ máa ń jí àwọn tó ń sùn ní àdúgbò kejì ló wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé-ẹjọ́ yìí, tí òógùn ń dà lára rẹ̀ bíi kí wọ́n gbé garawa sí i lábẹ́. Ìyá rẹ̀ alágbàfọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò fẹ́ la ẹnu, torí inú ẹnu yẹn gan-an ni ẹ̀rí wà.

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, eyín kan lápá ọ̀tún dùn ún débi pé bí eṣinṣin bá bà lé tábìlì, inú orí rẹ̀ ló ti ń gbọ́ ọ. Ó mọ̀ pé owó ọwọ́ ìyá òun kò tó ti dókítà, kò sì sọ fún un. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Gàgàrà, tó ga bí òpó iná, ní káàdì ìtọ́jú tí ilé-iṣẹ́ bíríkì fún ìdílé bàbá rẹ̀. Káàdì náà kò ní fọ́tò. Níbi tí Gàgàrà ti ń gbá bọ́ọ̀lù, Ẹlẹ́rìn-ín yọ ọ́ nínú báàgì rẹ̀, ó sáré lọ sílé ìwòsàn, ó jẹ́ orúkọ Gàgàrà, ó ka ọjọ́ ìbí Gàgàrà, wọ́n sì yọ eyín. Lọ́jọ́ kejì, ó dá káàdì padà sáàyè rẹ̀. Ó rò pé ó ti parí.

Àfi bí eyín Gàgàrà náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Dókítà wo kọ̀ǹpútà, ó wo ẹnu ọmọ, ó tún wo kọ̀ǹpútà. Eyín tí kọ̀ǹpútà ní ó ti bá pàǹtí lọ ló jókòó síbẹ̀ tó ń wò ó bí onílé. Wọ́n pe ọlọ́pàá. Kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà fi ojú Ẹlẹ́rìn-ín hàn, wọ́n sì fẹ̀sùn kàn án pé ó fi orúkọ ẹlòmíràn ṣe jìbìtì. Ilé-iṣẹ́ bíríkì dá káàdì gbogbo ìdílé náà dúró. Bó bá jẹ́ pé Gàgàrà ló yá a ní káàdì, wọn ò ní dá káàdì náà padà mọ́ láé.

Ìdí nìyẹn tí Gàgàrà fi jókòó lódìkejì, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù sẹ́nu. Kò bú Ẹlẹ́rìn-ín. Ó kàn bi í bóyá abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún un dùn ún. Ó wá ní, "O di èmi fún wákàtí kan péré, o wá ń sùn dáadáa. Èmi tí mo jẹ́ èmi látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò ríbi yọ eyín."

Ẹ̀gbọ́n ìyá Ẹlẹ́rìn-ín, tó máa ń tún aago ṣe, tó bá wọn wá sílé-ẹjọ́, fẹnu sún mọ́ ọn létí. "Sọ pé Gàgàrà ló yá ọ. Ẹ ó jọ pín ẹ̀bi náà, tìrẹ á sì fúyẹ́."

Ni wọ́n bá pè wọ́n wọlé sọ́dọ̀ adájọ́.

Àyà Ẹlẹ́rìn-ín ń lù kìkì débi pé ó ń bẹ̀rù kí akọ̀wé má lọ kọ ọ́ mọ́ ẹjọ́. Adájọ́, obìnrin kan tó lo awò ojú, bi í pé ta ló fún un ní káàdì. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ wúkọ́. Gàgàrà di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó ń wo ilẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó fún mi, mà. Mo jí i nínú báàgì rẹ̀ ni. Kò mọ̀ rárá."

Ó wá la ẹnu fúnra rẹ̀, ó fi àlàfo eyín náà hàn án.

Wọ́n dá a lẹ́bi. Adájọ́ ní torí pé ó sọ òtítọ́, òun ò ní tì í mọ́lé. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà yóò wà lákọsílẹ̀, Ẹlẹ́rìn-ín yóò máa gbá ilẹ̀ ilé ìwòsàn náà ní gbogbo Sátidé títí ọdún yóò fi parí, ìyá rẹ̀ yóò sì máa san owó eyín náà díẹ̀díẹ̀.

"Ká ní o sọ fún mi ni," ìyá rẹ̀ wí lójú ọ̀nà, "ǹ bá bẹ dókítà kí n máa san án díẹ̀díẹ̀. Ohun kan náà tí mo fẹ́ máa ṣe báyìí nìyẹn."

Ilé-iṣẹ́ bíríkì dá káàdì ìdílé Gàgàrà padà. Ní Sátidé àkọ́kọ́, Ẹlẹ́rìn-ín ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn nígbà tí akọ̀wé ibẹ̀ pe orúkọ Gàgàrà sókè. Ẹlẹ́rìn-ín gbé orí sókè. Gàgàrà dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

"Èmi ni wọ́n ń pè," ló wí. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò jẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tó ń ka èyí, ẹ má ṣe fi orúkọ ẹlòmíràn wá ọ̀nà àbáyọ. Ohun tí ẹ bá fi orúkọ náà ṣe, ẹni tó ni ín ni yóò jìyà rẹ̀ kó tó kàn yín. Bí eyín bá ń dùn yín, ẹ lọ kígbe sí ìyá yín létí. Bí etí náà bá máa di, kó di.